Ọ̀rọ̀ Ìṣíde Ọ̀gá àti Prógíráàmù Àǹtí

Ní ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Yaba láyé ọjọ́un, iṣẹ́ wa ni láti dán prógíráàmù wò kí a tó gbé e fún ẹni tó rà á. Ètò kan wà tí a fi ń tọ́jú àwọn ìdánwò náà. Fúnra rẹ̀ ló ń kọ ìgbà tí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí, ó sì gbà wá láyè láti ṣí àyè tiwa sí i, kí a máa kọ ohun tó bá wù wá síbẹ̀.

Àyè yìí ló sọ ọ̀gá wa di wèrè. Ó ṣí àyè fún oyè ẹni tó ṣe ìdánwò. Ó ṣí òmíràn fún àlejò pàtàkì. Ó ṣí ti ẹni tó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ti Kìrìsìtẹ́nì lọ́tọ̀, ti Mùsùlùmí lọ́tọ̀, kí inú má bàa bí ẹnikẹ́ni. Ẹ wá bi í pé kí ni prógíráàmù ọ̀hún ń ṣe, yóò máa wo àjà. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Nígbà tó yá, ó ní ká yọ àkókò tí prógíráàmù kọ̀ọ̀kan fi ń ṣiṣẹ́ jáde fún òun. Ti obìnrin kan láàárín wa tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí ló gùn jù. Àǹtí ló kọ èyí tó ń ṣírò ẹrù inú sítọ́ọ̀, tí ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan ní Iganmu fẹ́ rà. Ọ̀gá ní bí kò bá yá lọ́jọ́ ìdánwò àṣekágbá, kí Àǹtí máa lọ sílé.

Inú ṣì ń bí mi dòní, torí ọ̀gá gan-an ni ìdádúró. Bí àlejò bá ti wà, àfi kí òun fúnra rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì àkọ́kọ́, bí ẹni tó ń ṣí omi ẹ̀rọ tuntun fún ará àdúgbò. Àkókò á ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Prógíráàmù á béèrè bóyá kí òun máa bá iṣẹ́ lọ. Ọ̀gá á ní ká dúró, á sọ̀rọ̀ ìṣíde, akọ̀wé á gbàdúrà, dírẹ́bà á ṣe ti Mùsùlùmí, kí a tó tẹ èkejì. Iṣẹ́ Àǹtí nìkan sì ni àlejò ń wá wò. À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú! Àǹtí ṣàlàyé fún un títí. Ńṣe ni ọ̀gá tún ṣí àyè mìíràn, fún orúkọ ẹni tó ń ṣe àwáwí.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, àwọn ará Iganmu jókòó. Ọ̀gá tẹ bọ́tìnnì, ó wúkọ́, ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì dé ibi ìrìnàjò rẹ̀ sílùú òyìnbó tí Àǹtí fi na ọwọ́ kọjá níwájú ikùn rẹ̀, tó tẹ èkejì. Kò pẹ́ tí ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

“Ah-ah, Àǹtí! Kí lẹ ń ṣe? Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán now!”

“Ẹ máa bá a lọ, sà. Òun ti parí.”

Àgbà inú àwọn àlejò yẹ ìwé náà wò, ó ní àwọn á rà á, àmọ́ ọ̀dọ̀ Àǹtí nìkan làwọn á máa wá. Ọ̀gá ò tún lè lé e mọ́. Gbogbo wọn dìde lọ yí Àǹtí ká, wọ́n ń bi í ní ìbéèrè, ọ̀gá sì dúró níwájú àwọn àga tó ṣófo, ó ń kí wọn káàbọ̀.