Ìyá Tó Ń Fa Kọ́tìnì

Kọ́tìnì kì í jẹ́ kí n gbàgbé ìyá arúgbó ará Laos tí mo tọ́jú ní Hillcrest Heights, ní Amẹ́ríkà níbí. Lọ́sàn-án, mo máa ń ka ìwé àlọ́ ìlú wọn sí wọn létí. Mo wá lọ sọ fún wọn pé nílé wa, a kì í pàlọ́ lójúmọmọ, àfi tílẹ̀ bá ṣú. Láti ọjọ́ náà, wọ́n á fọ̀pá rọra dìde, wọ́n á fa kọ́tìnì.

"Ilẹ̀ ti ṣú. Ó yá, nọ́ọ̀sì."

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!" Wọ́n á dáhùn bí ọmọ Ìbàdàn.

Wọ́n ti kú. Ọmọ wọn fún mi ní ìwé náà. Lánàá, mo fa kọ́tìnì yàrá mi ní Langley Park lọ́sàn-án gangan, mo ní, "Ààlọ́ o!" Mo dúró títí. Nígbà tó yá, èmi náà ni mo dá ara mi lóhùn.