Ọkùnrin Irin láti Ilẹ̀ Japan

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, gbogbo àdúgbò wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú Yorùbá ní ilẹ̀ tí Faransé ti ṣàkóso rí, máa ń gbé àpótí ìjókòó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ oníṣòwò aṣọ kan tí ó ti Ìlọrin wá. Òun nìkan ló ní tẹlifísọ̀n nítòsí ilé wa. Bátìrì ọkọ̀ ló fi ń tàn án. Bí bátìrì bá ti ń rẹ̀, àwòrán á máa sún kì títí yóò fi kéré bí ojú ilé ẹyẹlé.

Ìgbà ìjọba ológun ni, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo wà, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń pe ara wọn ní kámárádà. Ìpàdé àti ọ̀rọ̀ ìjọba ni tẹlifísọ̀n sábà máa ń fi hàn. Ṣùgbọ́n ní Sátidé, ó máa ń fi àwòrán tí ń rìn hàn, èyí tí àwọn ará Japan yà, tí wọ́n sì fi èdè Faransé sí lẹ́nu. Ọkùnrin irin kan ni, tí ó ga ju ìrókò lọ, tí ó ń bá àwọn ẹranko abàmì inú òkun jà kí wọ́n má baà pa ìlú run.

Ọmọbìnrin mi, tí ó kù díẹ̀ kó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló ń túmọ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ Faransé. Mo máa ń jókòó lẹ́yìn rẹ̀, màá di aṣọ rẹ̀ mú, kó má baà sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ náà jù, kí ojú rẹ̀ má bàjẹ́. Mo kàwé dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, nítorí náà mo ń ṣọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. N kò rí ibi tó ti ṣì í. Bí ẹranko bá sọ̀rọ̀, ohùn ọmọ mi á ki. Bí ẹnìkan bá ń sunkún níbẹ̀, ohùn rẹ̀ á rọ̀ débi pé àwọn ìyá àgbà á máa nu ojú.

Egúngún Irin ni ọmọ mi sọ ọkùnrin irin náà. Orúkọ náà bá a mu: ó bo ara látòkè délẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń sá níwájú rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò gbà á, títí kan Baba, àgbà jù lọ ní àdúgbò, tí ìdí egúngún wà ní ìkáwọ́ ilé rẹ̀. Òun ló máa ń kọ́kọ́ ké pé, "Ó ti jáde o!"

Nígbà tó yá, olùkọ́ kan, ará Àjàṣẹ́, tí ó háyà yàrá ní ilé wa, wọ ọkọ̀ ojú irin dé láti Kútọnu. Ó mú ìwé ìròyìn àwọn ọmọdé dání, tí ó dá lórí àwòrán yìí gan-an, ó sì yá ọmọ mi. Ìròyìn ńlá ló wà níbẹ̀: ọkùnrin irin máa tó hu ìyẹ́! Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi dìde, ó kéde rẹ̀.

"Ìyẹ́ kẹ̀?" ni alákàrà kan wí. "Ṣé àdán ló fẹ́ dà ni?"

Ẹ̀rín sọ. Ọmọ mi ṣí àárín ìwé náà. Ẹni tó yà á ti la ikùn ọkùnrin irin bí ẹni la ìbẹ́pẹ, kí á lè rí inú rẹ̀.

"Ẹ wò ó, ibí ni ọmọkùnrin tó wà nínú Egúngún Irin jókòó sí."

Ẹ̀rín dá. Àwọn obìnrin kọjú sí ògiri. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin kì í sọ pé ènìyàn wà nínú egúngún, áńbọ̀sì kó sọ ọ́ lójú Baba. Èmi tí mò ń ṣọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, n kò rí èyí tó ń bọ̀. Mo fa aṣọ rẹ̀ kó jókòó. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á lé e kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, níbi tí inú rẹ̀ ti ń dùn jù láyé.

Baba kò gbóhùn sókè. "Ìwọ ọmọ yìí, ta lo ní ó wà nínú egúngún?"

Mo ti kúnlẹ̀. "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé ni..."

"Ìwọ ìyá rẹ̀, ọmọ náà ni mo bi."

Ọmọ mi náà kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ìwé náà pamọ́. "Ẹ má bínú, Baba. Ará ọ̀run ni egúngún. Èyí ní àga nínú, ó sì ní ilẹ̀kùn lẹ́yìn. Èmi ni mo fún un lórúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ bá wa sọ ọ́ lórúkọ."

Baba na ọwọ́, ó gba ìwé náà. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà.

"Ọmọkùnrin yìí ló ń wà á?"

"Òun ni, Baba."

"Ohun tí ènìyàn bá wọ̀, tó ń wà, ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ Ẹlẹ́sẹ̀." Ó yíjú sí àwọn obìnrin. "Ẹ kọjú síbí jàre. Ọkọ̀ lásán ni."

"Ọkọ̀ tí kì í gbé èrò," ni alákàrà wí, "ti kí ni?"

Ẹ̀rín tún sọ. Baba kò dá ìwé padà. "Ọjọ́ tí ìyẹ́ náà bá hù ni n óò dá a padà," ó wí fún ọmọ mi. "Kí o rí i pé o wà níbí láti gbà á." Olùkọ́ gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ìyẹ́ hù, bátìrì ti rẹ̀, àwòrán ti sún kì. Baba gbé ìwé sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifísọ̀n, ó ń fi wọ́n wé ara wọn. "Ó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́! Ọmọ, kí ló ń wí?" Ọmọ mi ń sọ ọ́, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ tẹ́tí sí i. Ìgbà náà ni mo rí i pé ọwọ́ mi wà lórí itan ara mi, kò sí lára aṣọ rẹ̀ mọ́. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan tẹlifísọ̀n.

"Sún sẹ́yìn," ni mo wí. Kò tilẹ̀ gbọ́.