Àwọn Tí Ìwé Sọ Pé Wọ́n Ti Ríṣẹ́

Orúkọ tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè é lẹ́yìn ni Màmá Ẹ-Padà-Wá. Ó mọ̀. Kò sí ẹni tó lè jókòó sídìí tábìlì kan fún ọdún mẹ́sàn-án, kó máa sọ gbólóhùn kan náà fún gbogbo ẹni tó bá wọlé, kí wọ́n má fi gbólóhùn náà sọ ọ́ lórúkọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá àwọn ọmọ tí kò níṣẹ́ wá iṣẹ́. Iṣẹ́ ọ̀hún gan-an ni kò sí.

Kó tó dé ìdí tábìlì yìí, ogún ọdún ló lò nílé iṣẹ́ ahunṣọ, níbi tó ti di alábòójútó àwọn tó ń ká aṣọ. Nígbà tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, ìdajì ìlú ló padà sílé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ṣí ọ́fíìsì ìrànlọ́wọ́ iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́, wọ́n sì fi í sínú gbọ̀ngàn tí àwọn ahunṣọ ti ń jẹun tẹ́lẹ̀. Wọ́n gba Màmá síbẹ̀ nítorí pé kò sí ilé tí kò mọ̀ nílùú. Títí dòní, bí òjò bá rọ̀, òórùn epo àtijọ́ a tún máa jáde lára ògiri. Òun fúnra rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ibi tí òun ti ń jẹun yó lòun ti wá ń bẹ ọmọ ọlọ́mọ pé kó mú sùúrù.

Fọ́ọ̀mù ọ́fíìsì ń béèrè orúkọ ilé ìwé, ìwé ẹ̀rí, àti ìrírí iṣẹ́ ọdún méjì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ka èyí tó kẹ́yìn yìí títí, ó ní, "Màmá, ẹni tí kò wọ odò rí ni wọ́n ní kó lọ mú ẹ̀rí wá pé òun ti ń lúwẹ̀ẹ́ fún ọdún méjì, kí wọ́n tó jẹ́ kó kan omi." Màmá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn. Láti ọjọ́ náà ló ti máa ń ti fọ́ọ̀mù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, táá bi wọ́n pé, "Kí ni ọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n ṣe?" Púpọ̀ nínú wọn a wo ọwọ́ ara wọn, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹni tí kò wo ọwọ́ rẹ̀ kó tó dáhùn ni ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Oníwáyà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Bàbá rẹ̀ ló ń tún ẹ̀rọ ṣe nílé iṣẹ́ ahunṣọ, ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ló sì ti kọ́ ọmọ náà. Bí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá jóná, Oníwáyà á tú wáyà bàbà tó ti dúdú kúrò nínú rẹ̀, á ka iye ìgbà tí wọ́n wé e, á sì wé tuntun sí i láì fi ẹyọ kan dín. Ti ilé Màmá gan-an jóná lọ́dún tó kọjá. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọmọ náà fi tún un ṣe, lórí àpótí ìjókòó lẹ́yìn ilé ìdáná. Màmá jókòó tì í, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ ìlú. Ẹnu ọmọ náà ń dá a lóhùn, ọwọ́ rẹ̀ ń ka wáyà, ọ̀kan kò di èkejì lọ́wọ́. Ẹ̀rọ náà ò tíì kọṣẹ́ látìgbà náà. Àmọ́ kò sí ìwé ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ rẹ̀ tó sọ pé ó mọ̀ ọ́n ṣe, nítorí náà, lójú fọ́ọ̀mù, kò mọ nǹkan kan.

Ọ̀gá ọ́fíìsì kéré sí Màmá ní ọdún mẹ́rìndínlógún. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Oríléeṣẹ́ ló ń fẹ́ kó kó ọgbọ̀n ọ̀dọ́ tó ti ríṣẹ́ kalẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ìlú tí kò sì níṣẹ́ ni wọ́n ní kó ti kó wọn jáde. Bí oṣù kẹta bá ń parí lọ tí iye kò pé, á rìn wá sáàárín tábìlì, á ní, "Ẹ bá mi yẹ fáìlì wò o. Ẹ wo ẹni tó ti fọwọ́ kan iṣẹ́." Gbogbo wọn mọ ohun tó ń wí. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan péré, wọ́n á fi àmì sórí fáìlì rẹ̀, ó di ẹni tó ti ríṣẹ́ nìyẹn. Láàárín ara wọn, bíbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń pè é: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò gbó ni wọ́n ń fi tipátipá mú pọ́n.

Ní ìparí irú oṣù bẹ́ẹ̀, iye kò pé, ó ku ẹyọ kan. Oníwáyà ti lọ gbé àpótí fún ọjọ́ méjì ní ilé ìkẹ́rùsí kan, dípò ẹnì kan tí ara rẹ̀ kò yá. Màmá fa fáìlì rẹ̀ yọ, ó sì fi àmì sí i. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé àmì lásán ni, àmì kì í pa èèyàn.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ìròyìn dé pé ilé iṣẹ́ tuntun kan tó ń ṣe ẹ̀rọ tó ń fa omi ní ẹkùn kejì, ìrìn wákàtí kan àtààbọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, fẹ́ gba ọ̀dọ́ mẹ́jọ. Wọ́n á máa kọ́ wọn níṣẹ́, wọ́n á sì máa sanwó fún wọn. Wọn ò béèrè ìwé ẹ̀rí. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n béèrè ni pé kí ẹni tó ń bọ̀ jẹ́ ẹni tí kò níṣẹ́ nínú àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì ìrànlọ́wọ́ iṣẹ́. Méjì nínú àyè mẹ́jọ náà jẹ́ ti ìdí wáyà wíwé.

Màmá ò gbàgbé àmì náà. Ó kàn rò pé bí òun bá fi ọwọ́ ara òun kọ lẹ́tà, bí òun bá sì tẹ̀ lé ọmọ náà lọ, ta ni yóò wo àmì. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àwọn méjèèjì wọ bọ́ọ̀sì. Oníwáyà ti ki kókó wáyà kan tó wé fúnra rẹ̀ sínú báàgì, kó lè fi hàn wọ́n. Bàbá rẹ̀ ti sọ fún gbogbo àdúgbò.

Akọ̀wé ilé iṣẹ́ náà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé awò ojú sí iwájú orí. Ó kí wọn dáadáa, ó fún Màmá ní àga, ó ka lẹ́tà rẹ̀ dópin, ó sì kọjú sí kọ̀ǹpútà. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un tẹ̀.

"Àbúrò, o ti níṣẹ́ o."

Oníwáyà rẹ́rìn-ín. "Ẹnì kan tó ń jẹ́ orúkọ mi ni. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní díẹ̀ níbẹ̀."

"Ọjọ́ ìbí rẹ rèé. Ilé ìkẹ́rùsí. Ó ti lé lóṣù méjì."

"Ọjọ́ méjì ni mo lò níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo bá ẹni tó ń ṣàìsàn gbé àpótí. Ta ló kọ ìyẹn?"

Akọ̀wé sọ awò kalẹ̀ sójú, ó wo orúkọ tó wà nísàlẹ̀, ó sì wo ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀.

"Èmi ni mo kọ ọ́," Màmá wí.

"Ẹ̀yin?"

"Èmi. Iye ò pé."

"Iye kí ni?"

"Iye àwọn tó ríṣẹ́."

Oníwáyà yíjú sí i. "Iye àwọn tó ríṣẹ́ ò pé, ẹ wá fi èmi tí mi ò níṣẹ́ dí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èmi nìkan ni?"

"Rárá."

"Mélòó ni wá?"

"Mọ́kànlélógún, láti ọdún tó kọjá. Tèmi nìyẹn. Mi ò mọ ti àwọn tábìlì yòókù."

Akọ̀wé wúkọ́. Ó ní òun kò lè pa àkọsílẹ̀ ìjọba dà, àmọ́ bí ìwé bá ti ọ́fíìsì wọn wá pẹ̀lú òǹtẹ̀, tó sọ pé àṣìṣe ni, òun á tún un ṣe. "Kó má kọjá aago mẹ́rin o, màmá. Òní la máa pa ìwé dé."

Oníwáyà lóun kò bá a padà lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu géètì, ó gbé báàgì lé itan. Màmá nìkan ló wọ bọ́ọ̀sì padà sílùú.

Ọ̀gá gbọ́ ọ títí dé òpin. Lẹ́yìn náà ló dìde, tó pa ilẹ̀kùn dé.

"Màmá, ẹ gbà mí gbọ́, ọmọ yẹn ṣe mí láàánú. Àmọ́ bí ẹ bá fa òwú kan yọ nínú aṣọ yìí, gbogbo rẹ̀ ló máa tú."

"Mo mọ̀ nípa aṣọ jù yín lọ, ọ̀gá. Èyí tí òwú kan bá lè tú, wọn ò hun ún re."

"Ẹ jẹ́ ó di ọjọ́ Ajé. A ó jọ jókòó, a ó rò ó."

"Aago mẹ́rin òní ni wọ́n ń pa ìwé dé."

"Wọ́n máa lé èmi àti ẹ̀yin lọ. Ó ku ọdún méjì kẹ́ ẹ̀yin fẹ̀yìn tì. Èmi ńkọ́?" Ó jókòó padà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì nu ojú. "Mi ò ní fọwọ́ sí i. Ẹ má bínú."

Kò sí bí Màmá ṣe fẹ́ bínú sí i. Ohun tí ọkùnrin náà sọ ni òun náà ń sọ fún ara rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Ó padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó mú bébà, ó kọ ọ́ pé òun ni òun fi àmì sí fáìlì ọmọ náà, pé ọmọ náà kò níṣẹ́ nígbà tí òun fi sí i, pé kò sì ní títí di òní. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Òǹtẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ó lù ú mọ́ ìwé náà, ó sì jáde.

Bọ́ọ̀sì kò tètè kún. Awakọ̀ ní bí òun ò bá rí èrò mẹ́ta sí i, òun ò ní gbéra. Màmá fẹsẹ̀ janlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó tún bú u díẹ̀, awakọ̀ sì ń jẹ orógbó rẹ̀ bí ẹni tí kò sí nílé ayé. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ló fi ẹsẹ̀ tẹ géètì ilé iṣẹ́ náà.

Akọ̀wé ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. "Ìwé yìí máa dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá yín lókè o."

"Kó dé."

Ó tẹ kọ̀ǹpútà. "Ó ti parí. Àbúrò, o ò níṣẹ́ mọ́."

"Ẹ ṣeun," Oníwáyà wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

Akọ̀wé kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n má bínú, alábòójútó ìdí wáyà dúró títí di aago kan, nígbà tí kò rí ìwé yín, ó gba méjì nínú àwọn tó wà nílẹ̀. Ó fi ọwọ́ hàn wọ́n láti inú fèrèsé dígí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lọ́hùn-ún tó di wáyà mú bí ẹni di ìrù ejò mú, alábòójútó dúró tì í, ó ń mú sùúrù fún un.

"Àyè kan ṣẹ́ kù," akọ̀wé wí. "Ìdí ìdìpọ̀ ẹrù ni. Àpótí gbígbé."

Oníwáyà yíjú sí Màmá. "Kí lẹ wí?"

Ó pẹ́ tí Màmá ti ní ìdáhùn sí irú ìbéèrè yìí: gbà á ná, èyí tó wà lọ́wọ́ ló ń mú òmíràn wá. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì.

"Mi ò ní wí nǹkan kan. Ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ dípò rẹ ló gbé wa dé ibí."

Ọmọ náà tún wo inú dígí lọ́hùn-ún. "Bí mo bá gbà á, iye yín á pé," ó wí. "Èmi á sì máa gbé àpótí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó di wáyà mú bẹ́ẹ̀ yẹn, lójoojúmọ́. Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Nínú bọ́ọ̀sì, Màmá ti múra sílẹ̀ fún ẹkún, ó ti múra sílẹ̀ fún èébú pàápàá. Èyí tí kò múra sílẹ̀ fún ni ohùn jẹ́jẹ́ tí ọmọ náà fi béèrè.

"Àwọn ogún yòókù. Ta ni wọ́n?"

"Mi ò gbọdọ̀ sọ. Àṣírí ọ́fíìsì ni."

Oníwáyà kọjú sí fèrèsé. Wọ́n kọjá lára ilé epo kan, wọ́n kọjá lára pápá tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ wọn, láì wo ìwé, láti orí ẹni àkọ́kọ́. Kò gbàgbé ìkankan. Ó kà wọ́n títí bọ́ọ̀sì fi dúró.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó tó di aago mẹ́jọ, mẹ́tàlá nínú wọn ti tò sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ọ̀gá ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, kò tíì bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀.

"Kí ni wọ́n ń wá?"

"Fáìlì wọn," Màmá wí. "Wọ́n fẹ́ rí ohun tá a kọ sí i."

"Ta ló pè wọ́n?"

"Èmi ni mo dárúkọ wọn."

Ọ̀gá kúrò lójú fèrèsé. "Ẹ ti ba iṣẹ́ yìí jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, Màmá."

"Ó ti bàjẹ́ kí n tó fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù."

Kò nà án sí i. Ó yọ ọ́ lápò, ó gbé e sórí tábìlì láàárín àwọn méjèèjì, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn. Màmá mú kọ́kọ́rọ́ náà, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ṣí ẹnu ọ̀nà.

Oníwáyà ló wà níwájú. Kò kúnlẹ̀ kí i gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, kò pè é ní Màmá. Ó jókòó, ó sì ń ka ọjọ́ ìbí rẹ̀ fún un ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Màmá ń kọ ọ́ sílẹ̀.