Sátidé Tí Dírónù Dé Pápá Wa

Òórùn fóòmù tí wáyà gbígbóná ń gé ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé nílé wa ní Kabala Doki, ní Kaduna. Ó máa ń ta sí imú bí ọ̀rá tó ń jóná, á sì dà pọ̀ mọ́ ti kósáì, àkàrà àwọn Hausa, tí Hajiya ẹnu ọ̀nà wa ń dín. Ìyá mi á ṣí gbogbo fèrèsé, wọ́n á ní, "Bàbá Ráfátù, ẹ ti tún fẹ́ fi èéfín lé wa jáde." Bàbá mi á gbé apá bàálù tí wọ́n ń gé sókè, wọ́n á di ojú kan, wọ́n á máa wò ó bóyá ó tọ́.

Bàbá mi ti ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná rí nílé iṣẹ́ aṣọ kan ní Kaduna. Nígbà tí wọ́n ti ibẹ̀ pa, bàbá mi ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, wọ́n ń tún fáànù àti rédíò ṣe. Bàálù kékeré tí ènìyàn ń fi rìmóòtù darí ni fàájì wọn. Mọ́tò, bátìrì àti rìmóòtù nìkan ni wọ́n máa ń rà. Ìyókù, fóòmù tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí ni. Èmi àti bàbá mi la jọ máa ń lọ ṣà á lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù ọjà, àwọn tó ń tajà níbẹ̀ á sì máa kí mi pé, "Ẹnjinía, ó kù sí ẹ̀yìn ibẹ̀ yẹn."

Àwọn márùn-ún tó ń wa irú bàálù yìí ló máa ń pàdé ní pápá tó wà létí odò. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, bàbá mi á kọ́kọ́ lọ sọ fún Mai Unguwa, olórí àdúgbò wa, pé bàálù máa gbéra lọ́la, kí ẹ̀rù má ba ẹnikẹ́ni. Ọ̀rẹ́ wọn tó sún mọ́ wọn jù níbẹ̀ ni Malam Sani, tíṣà ìṣirò kan láti Ungwan Shanu. Kí bàálù tó kúrò nílẹ̀, ẹni tó mú rìmóòtù dání á dúró sẹ́yìn rẹ̀, ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹni ẹ̀yìn á ké pé, "Òsì." Ẹni iwájú á wo bí apá náà ṣe yí, á dáhùn pé, "Òsì ni." Lẹ́yìn náà, ọ̀tún, òkè, ilẹ̀. Ìdí ni pé wáyà lè kọjú sódì nígbà tí èèyàn bá tún un ṣe, bàálù tó bá sì ń lọ sọ́tùn-ún nígbà tí o ní kó lọ sósì kì í pẹ́ lókè. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí ni gbogbo Yorùbá tí Malam Sani gbọ́.

Ẹni tó bá gbé bàálù gbéra, tó sì mú un balẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gba rìmóòtù lọ́wọ́ rẹ̀, ni wọ́n máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ apá bàálù náà. Mo fẹ́ kí orúkọ mi wà níbẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ gba ipò kìíní ní kíláàsì lọ.

Ibi tó le ni ìgbà tí bàálù bá kọjú sí ọ tó ń bọ̀. Òsì rẹ̀ á di ọ̀tún rẹ, ọwọ́ á sì dàrú. Bàbá mi máa ń sọ fún mi pé, "Má ronú nípa òsì àti ọ̀tún. Apá tó bá rẹlẹ̀, ibẹ̀ ni kó o ti ọ̀pá rìmóòtù sí." Ọdún méjì ni mo fi kọ́ ọ. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, wọ́n ní, "Sátidé tó ń bọ̀, mi ò ní fọwọ́ kan rìmóòtù." Ìdánwò ń lọ lọ́wọ́ nílé ìwé lọ́sẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n abẹ́ tábìlì ni ọwọ́ mi wà, ó ń mú bàálù balẹ̀.

Sátidé náà ni Bọ̀dá Ganíyù, àbúrò ìyá mi tó wá láti Èkó, bá wa dé pápá, tàwọn ti báàgì dúdú kan. Dírónù ni wọ́n yọ jáde. Kò sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ rí nínú wa. Ó dìde, ó dúró sójú kan lókè bí ohun tí wọ́n fi okùn so kọ́. Bọ̀dá Ganíyù gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lára rìmóòtù, wọ́n tẹ́ wọn síwájú. "Ẹ wò ó, mi ò fọwọ́ kàn án o."

Gbogbo pápá ṣùrù bo fóònù Bọ̀dá Ganíyù, níbi tí dírónù ti ń fi òrùlé wa àti odò hàn. Malam Sani rí fìlà ara wọn níbẹ̀. "Kai, ni ne?" Ṣé èmi nìyẹn? Wọ́n fọwọ́ kan fìlà náà lórí kó lè dá wọn lójú pé àwọn ni. Èmi dúró ti bàálù wa lórí ẹní, mo di imú rẹ̀ mú. Kò sẹ́ni tó wò wá.

Bọ̀dá Ganíyù yíjú sí bàbá mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí fóòmù yìí lọ sinmi. Èyí tó ń dá dúró ti dé."

Bàbá mi ní, "Ṣé o lè wa tiwa?"

"Kí ló le níbẹ̀? Ṣebí ọ̀pá méjì náà ni."

Bàbá mi gbé rìmóòtù fún wọn. Bàálù gbéra dáadáa, ó yí ká lórí odò, ó wá kọjú sí wa. Ọwọ́ Bọ̀dá Ganíyù dàrú. Wọ́n wá ṣe ohun tí dírónù kọ́ wọn: wọ́n gbé ọwọ́ kúrò, kí bàálù lè dúró fún wọn. Apá ọ̀tún rẹ̀ rẹlẹ̀, ó yí dànù, ó sì kó sínú oko àgbàdo tó wà lápá kejì pápá. Malam Sani ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ní Hausa, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Wannan ba ya tsayawa." Èyí kì í dúró.

Títí di òní, bí mo bá bi Bọ̀dá Ganíyù léèrè, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: "Mo rò pé á dúró dè mí ni."

Tẹ́lẹ̀, bàálù tó bá bọ́ sínú àgbàdo lè gba ọjọ́ méjì lọ́wọ́ wa ká tó rí i. Lọ́jọ́ náà, Bọ̀dá Ganíyù tún gbé dírónù sókè, òógùn ń bò wọ́n, kò sì pẹ́ tí a fi rí ohun funfun kan láàárín ewéko lórí fóònù. Èmi àti bàbá mi wọnú oko, dírónù ń kùn lókè orí wa, ó ń fi ọ̀nà hàn wá. Apá bàálù ti dá sí méjì.

Mo ní, "Bàbá, èmi lẹ ní ó máa wà á lónìí."

Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ tí Ganíyù sọ ló bí mi nínú. Mo gbàgbé rẹ. Má bínú, Ráfátù." Àgbàlagbà kankan ò tíì bẹ̀ mí rí.

Gọ́ọ̀mù àti igi ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ méjì la fi tún apá náà ṣe. Sátidé méjì lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mẹ́ta péré ló wá. Àwọn méjì yòókù ti ránṣẹ́ ra dírónù. Bọ̀dá Ganíyù, tí wọn ò tíì padà sí Èkó, ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú bàálù, tí wọ́n ń dá mi lóhùn: "Òsì ni. Ọ̀tún ni." Nígbà tó kọjú sí mi, apá kan rẹ̀ rẹlẹ̀, mo ti ọ̀pá síbẹ̀, ó sì tọ́. Ó balẹ̀, ó fò sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró. Malam Sani fi bírò pupa kọ orúkọ mi.

Ilé ti gba ìdajì pápá yẹn báyìí. Malam Sani ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, dírónù ni àwọn fúnra wọn fi ń ya fídíò ìgbéyàwó káàkiri Kaduna. Èmi náà, iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe, dírónù sì wà nínú báàgì mi. Láìpẹ́ yìí, mo mú ìwé àti bírò, mo bi bàbá mi bí ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá àlejò lẹ́nu wò pé, ṣé dírónù ti pa eré wọn. Wọ́n ní, "Àwọn tó fẹ́ wo òrùlé wọn látòkè ló kó lọ. Àwọn tó fẹ́ wa bàálù ò lọ síbì kankan." Mo ka iye tó kù fún wọn: àwọn fúnra wọn àti ẹnì kan, èmi ìkẹta tí mo bá wálé. Wọ́n ní, "Ṣé o rí i? A ju ẹyọ ẹnì kan lọ."

Ráfátù ọmọ ọdún mẹ́tàlá ìgbà yẹn fẹ́ kí gbogbo pápá máa wo òun. Sátidé mìíràn wà báyìí tó jẹ́ pé èmi àti bàbá mi nìkan la máa wà níbẹ̀, tí kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò, tí kò sẹ́ni tó ń ṣùrù bo ohunkóhun. Mo máa ń mú bàálù balẹ̀, bàbá mi á ní, "Ó dáa," a ó sì tún gbé e gbéra.