Ọ̀rọ̀ Ìwọlé Tí Gbogbo Obìnrin Zion Pepe Mọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Zion Pepe, ìlú orí omi kan lọ́dọ̀ wa. Mo ti rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí báyìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an, díẹ̀ ló kù kí n bú sẹ́kún!

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ tipẹ́ mọ̀ pé iṣẹ́ ìkànnì ni mo ń ṣe, ìyẹn website. Ọmọ Mahintedo ni mí, etí omi ni wọ́n bí mi sí. Orí fóònù ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà kí n tó ní kọ̀ǹpútà. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní Zion Pepe ní ẹgbẹ́ kan, àwọn ló gbé iṣẹ́ fún mi. Wọ́n fẹ́ ìkànnì tí oníkálukú wọn á ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, tí ará Àkúrẹ́ tàbí Ìbàdàn á fi lè rí ẹja wọn lórí fóònù, kó sì rà á láìwọ ọkọ̀ ojú omi rárá.

Ohun kan wà ńlẹ̀ o. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà l'Ékòó ti bá mi wá iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan níbẹ̀, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ìpàdé tí mo fẹ́ bá àwọn obìnrin yìí ṣe ni wọ́n sì ń retí mi. Èmi ò fẹ́ lọ! Ilé ni mo fẹ́ jókòó sí, kí n máa ṣe iṣẹ́ mi, kí n máa gbọ́ ohùn màmá mi láàárọ̀. Tí àwọn obìnrin yìí bá gba ìkànnì náà, èmi ni wọ́n máa gbà láti máa bójú tó o. Tí wọ́n bá kọ̀ ọ́, mo di èrò Èkó nìyẹn. Màmá mi kò sọ pé kí n lọ, kò sọ pé kí n má lọ. Ó ní ibi tó bá ti tẹ́ mi lọ́rùn ni kí n wà, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ̀yin náà mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àbí?

Màmá mi yìí ni mo kọ́kọ́ fún ní ìkànnì náà wò. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, oòrùn ń ràn sórí fóònù. Ó kọ nọ́ńbà rẹ̀, ìyẹn lọ. Ó wá kan ibi tí èèyàn ń kọ password sí. Ó ní òun ò rí àpótí kankan níbẹ̀. Mo wò ó, òótọ́ ni! Ìlà tín-ín-rín kan tó rí bí eérú ni mo fi yí àpótí náà ká, oòrùn sì ti gbé e mì.

Mo fọwọ́ hàn án. Ó tẹ lẹ́tà kan, àmì dúdú bíńtín kan yọ. Ẹ wá wo màmá mi! Ó fi etí ìró nù ún. Ó tẹ òmíràn, òmíràn yọ, ó tún nù ún. Ó ní ìpẹ́ ẹja ló lẹ̀ mọ́ ojú fóònù òun.

Mo ṣàlàyé pé kì í ṣe ìpẹ́, pé ṣe ni wọ́n ń fi bo ohun tí èèyàn ń kọ, kí ẹni tó bá yọjú léjìká má baà rí i. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọn ò fi nǹkan tó mọ́ bò ó?

Ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára. Mo bá gbájú mọ́ àpótí password. Mo fi ìlà búlúù tó nípọn yí i ká. Mo mú un fẹ̀ dáadáa, kí ìka tó tutù, tó ní epo ẹja lára, lè rí i tẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àmì dúdú yẹn ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé wọ́n lágídí. Àwọ̀ wọn ṣeé yí, wọ́n ṣeé sọ di ńlá, àmọ́ kí wọ́n di nǹkan mìíràn, wàhálà ni! Ohun tí mo wá ṣe ni pé mo ṣe fóǹtì kékeré kan, ìyẹn àkójọ ìrísí lẹ́tà fún kọ̀ǹpútà, tí kò ní nǹkan kan nínú ju àmì yẹn lọ, mo sì ya ẹja sí ipò rẹ̀. Ẹja tó ní ìrù, tó ní ojú!

Nígbà tí mo tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ẹja kan yọ, tí mo tẹ èkejì tí ẹja mìíràn tò tẹ̀ lé e, mo pariwo. Màmá mi sáré wọlé, ó rò pé ejò ni. Nígbà tó rí i, òun náà gba fóònù, ó ń tẹ̀ ẹ́ kiri. Kò kọ nǹkan gidi kan o, ó kàn ń kó ẹja jọ ni.

Mo tún ṣe ọ̀kan sí i. Mo yọ ọ̀rọ̀ "password" kúrò lókè àpótí náà, mo fi Yorùbá síbẹ̀: *Ọ̀rọ̀ ìwọlé*. Ṣé kò dùn létí? Mo gbóríyìn fún ara mi gan-an lọ́jọ́ yẹn. N kò mọ̀ pé òun ló fẹ́ dójú tì mí.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọkọ̀ ojú omi lọ sí Zion Pepe. Wọ́n ti pé jọ sórí pèpéle pákó tó wà níwájú ilé Iye Ìbùkún. Iye là ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa. Iye Ìbùkún ni olórí ẹgbẹ́, òbòkún ló ń yan, òun ló sì fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún mi pé èmi ni kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ẹni tí kò fẹ́ ẹ rárá ni Iye Sámú, tó ń ta edé. Ó ní òun ò lè kó ọjà òun sí ibi tí ẹlòmíràn lè ráyè wọ̀. Ẹgbẹ́ wá fẹnu kò pé bí Iye Sámú bá lè gbà, ó parí, gbogbo wọn gbà.

Ṣé ẹ rí iṣẹ́ tó wà lọ́rùn mi?

Mo dìde, mo sọ̀rọ̀. Mo ní oníkálukú ló máa ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè wọ ti ẹlòmíràn láìsọ ọ̀rọ̀ ìwọlé. Mo ní kó má kéré ju lẹ́tà méje lọ, kí wọ́n má sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Iye Sámú bi mí bóyá lóòótọ́ ni pé èèyàn ò lè wọlé láìsọ ọ́. Mo ní èmi tí mo ṣe é gan-an ò lè wọlé. Ó ní ìyẹn dáa, ìyẹn fi hàn pé àwọn tó ni ibẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀, àmọ́ inú mi dùn débi pé n kò bi í ní nǹkan kan.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Háà, ariwo! Oníkálukú ló ń fi ẹja tirẹ̀ han ẹnìkejì. Alhaja Sàlámọ̀tù, tó ń ta àrọ̀, ní ẹja òun sanra ju ti Iye Ìbùkún lọ, bẹ́ẹ̀ ẹja kan náà ni! Kò sì sí ẹnì kankan tó ní òun ò mọ ọ̀rọ̀ tí òun máa kọ. Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀ yẹn. Èwo nínú wa ni kì í ronú kó tó mú password?

Lẹ́yìn tí wọ́n ti ya fọ́tò ọjà wọn síbẹ̀, mo ní kí wọ́n jáde, kí wọ́n tún padà wọlé, ká lè mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ sì mọ fóònù àwọn ará odò, inú ọ̀rá ni gbogbo rẹ̀ wà nítorí omi, wọ́n fi ojú jọra. Iye Sámú na ọwọ́ sórí ẹní, ó gbé fóònù Iye Ìbùkún láìmọ̀. Nọ́ńbà Iye Ìbùkún ti wà níbẹ̀. Ó tẹ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ẹja tò, ilẹ̀kùn ṣí.

Ó wò ó títí. Ó wá bèèrè pé ta ló kó òbòkún sínú ṣọ́ọ̀bù òun, òun tí òun ń ta edé?

Iye Ìbùkún yọjú wò ó, ó ní, "Èmi mà ni mo lòbòkún yẹn! Kí lo wá ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù mi?"

Iye Sámú dìde, ó so ìró rẹ̀ le, ó ní, "Mo sọ ọ́ àbí n kò sọ ọ́? Ghan ní kò sẹ́ni tó lè wọlé, mo ti wọlé yìí!" Ghan là ń pe "wọ́n" lọ́dọ̀ wa. Iye Ìbùkún kò lè wo ojú mi. Mo ti ń rí ara mi nínú mọ́tò Èkó.

Mo rò pé code mi, ìyẹn àṣẹ tí mo kọ fún kọ̀ǹpútà, ló bàjẹ́. Mo wá rántí àwòrán ojú kékeré tí mo fi sí ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, èyí tí èèyàn ń tẹ̀ tó bá fẹ́ rí ohun tó kọ. Mo bẹ Iye Sámú pé kó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀, kó jẹ́ kí n wò ó, a máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ ojú náà. Àwọn ẹja pòórá, ọ̀rọ̀ sì yọ:

*e kuule o*

Mo yíjú sí Iye Ìbùkún, mo ní kí ni tiyín? Ó fà mí mọ́ra, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó sọ ọ́ sí mi létí: "Ẹ kúulé o." Mo bi ẹni tó tẹ̀ lé e, òun náà bo ẹnu, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní "Ẹ kúulé o." Bí gbogbo wọn ṣe ń sọ àṣírí kan náà sí mi létí nìyẹn, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀! Nígbà tó kan Alhaja, n kò dúró mọ́. Mo ní, "Alhaja, ṣé Salamu alekun ni tiyín?"

Ó fò dìde. "Ta ló sọ fún ọ?"

Ẹ̀rín pa wá! Ẹnìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sómi. Àbí kí ni ẹ̀bi wọn? Èmi ni mo kọ *ọ̀rọ̀ ìwọlé* síbẹ̀. Tí èèyàn bá so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ilé onílé, kí ló máa sọ kó tó wọlé? Wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ ìwọlé láti kékeré, èmi ni mo wá ń kọ́ wọn!

Iye Sámú nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé kí wá ni kí àwọn kọ síbẹ̀. Mo ní ká pè é ní ọ̀rọ̀ àṣírí. Iye Ìbùkún ní rárá o, tí ọkọ òun bá rí i, ó máa bèèrè irú àṣírí tí òun ní. Mo ní kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Wọ́n ní ta ló ń ti ilẹ̀kùn ní Zion Pepe?

Alhaja wá fẹ́ fi àwàdà pẹ̀tù sí i. Ó bi Iye Sámú pé ibo ló ń dẹ ìgèrè rẹ̀ sí tí edé fi ń kún un báyìí, nígbà tí ìgèrè àwọn tó kù ń ṣófo.

Iye Sámú wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́! Ọkọ mi ò mọ ibẹ̀, ọma tí mo bí ò mọ ibẹ̀, ẹ̀yin ni mo wá fẹ́ sọ ọ́ fún?"

Mo fò sókè! Mo gbé kọ̀ǹpútà mi lọ sí igun pèpéle tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, mo nu *ọ̀rọ̀ ìwọlé* rẹ́, mo sì kọ: *Ibi tí mo dẹ ìgèrè sí*.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò gba àlàyé kankan. Bí wọ́n ṣe kà á báyìí, oníkálukú kẹ̀yìn síra wọn! Iye Sámú ní tirẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó fi àjẹ̀ ti ara rẹ̀ kúrò lẹ́bàá pèpéle, ọ̀hún ló ti lọ tẹ̀ ẹ́. Ó ṣe díẹ̀, ó padà dé. Ó ní ẹja òun kún àpótí, ó ti ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo mú àpótí náà gùn sí i. Ó tún ní ojú ta ni mo là sílẹ̀ síbẹ̀ yẹn, tó ń wo ibi ìgèrè òun? Mo ya ojú náà kó wà ní pípadé, kó má là àfi tí ẹni tó ni ín bá tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni Iye Sámú mọ̀ọ́mọ̀ gbé fóònù Iye Ìbùkún. Ó gbìyànjú *e kuule o*, kò ṣí. Ó gbìyànjú ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kò ṣí. Ó gbìyànjú ìdí àgbọn, Iye Ìbùkún bú sẹ́rìn-ín, kò ṣí. Bí ìkànnì náà ṣe ń tì í síta tó ni ojú rẹ̀ ń tújú ká tó. Nígbà tó sú u, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú. Àṣé Iye Ìbùkún ti sọ ọ̀rọ̀ Èkó fún un.

Ó ní, "Ọma mi, Èkó ò sá lọ. Jókòó síbí."

Omi bọ́ lójú mi. Mo ti sọ fún yín pé díẹ̀ ló kù tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan yìí ó wá.

Nígbà tí mo délé, mo bá màmá mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń tú páálí kan. Ẹja yíyan ló kún inú rẹ̀. Ó ti di ẹrù Èkó fún mi, kò sì jẹ́ kí n mọ̀. Ìròyìn ti dé etí rẹ̀ kí n tó gúnlẹ̀. Ó ń tò wọ́n sórí àtẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n wá ya fọ́tò wọn, òun náà fẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: ẹja tó wà nínú àpótí yẹn dára, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí fọ́ọ̀mù ṣe lẹ́wà tó kò ní kí ẹni tó ń lò ó gbọ́ ohun tí a fẹ́ sọ. Kí a bi àwọn èèyàn pé kí ni ọ̀rọ̀ yìí ń sọ létí wọn, kí a tó máa yin ara wa.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ọ̀rọ̀ wo lẹ ti kọ síbì kan tí àwọn èèyàn gbọ́ sí ọ̀nà mìíràn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín tiyín náà. Ẹ kàn má kọ password yín mọ́ ọn o, mo mọ̀ yín!