Ògiri Tí Kò Lè Gbẹ Mọ́

Ilé amọ̀ ni ilé wa, ní abúlé kan tí à ń yà sí tí a bá ti kọjá Ìyànà Ọ̀fà. Bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ. Bàbá mi ṣí koríko kúrò lórí rẹ̀, ó fi páànù bò ó. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fa páànù náà gùn sílẹ̀ kí ọ̀ṣọ̀rọ̀ lè jìnnà sí ẹsẹ̀ ògiri. Nígbà tí ooru pọ̀ sí i, ó lu fèrèsé kékeré sí òkè. Ilé náà kì í ṣe ohun tí a kọ́ tán tí a sì gbàgbé. Bí ojú ọjọ́ bá ṣe ń yí ni wọ́n ń tún un ṣe.

Ọwọ́ àwọn obìnrin ni iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù wà. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, tí iṣẹ́ oko bá dẹwọ́, ìyá mi àti àwọn ìyàwó ilé a gbẹ́ amọ̀ pupa, wọ́n a fi ẹsẹ̀ gún un, wọ́n a pò ó mọ́ ìgbẹ́ màlúù, wọ́n a sì fi rẹ́ ògiri. Ibi tí òjò ọdún náà bá ti jẹ ni wọ́n ń bò. Ìyá mi kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn rẹ́ ògiri yàrá bàbá mi. Nígbà tí bàbá mi kú, inú yàrá yẹn ni a sin ín sí, bí a ti ń sin àwọn àgbà ilé wa. Ìyá mi kò kúrò níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ojú oórì náà ni ó ń tẹ́ ẹní sí.

Nígbà tó yá, àwọn ìyàwó ilé kan kú, àwọn tó kù kó lọ sí ìgboro. Orúnkún ìyá mi kò gbà kí ó gún amọ̀ mọ́. Òjò pẹ̀lú yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀: kì í dé lásìkò, bó bá sì dé, a dà bí ẹni pé wọ́n fi garawa dà á. Ẹsẹ̀ ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Àwa ọmọ pàdé nígbà ọdún Àjíǹde, a fẹnu kò pé kí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ilé náà, nínú àti lóde, kí Màmá lè sinmi. Kò sí ẹni tó lòdì sí i. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló yan ọ̀dà funfun.

Ó dùn mọ́ ọn gan-an. Àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà a máa ké sí i pé, "Ìyá onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì! Ẹ fún wa ní yàrá kan o!"

Òun náà a dáhùn pé, "Ẹ lọ fọ ẹsẹ̀ yín ná. Ilé mi ò gba ẹlẹ́sẹ̀ ẹrẹ̀ mọ́."

Aránṣọ ni mí ní Ìyànà Ọ̀fà. Mo ti dàgbà kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alẹ́, nítorí náà mi ò fi ohunkóhun ṣeré níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, olùkọ́ wa ń ṣàlàyé ìdí tí omi inú àmù fi ń tutù. Ó ní omi máa ń gba ara amọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn a sì gbé e lọ. Pé bí a bá kun àmù ní ọ̀dà, omi náà kò ní rí ọ̀nà jáde. Gbogbo kíláàsì ń fi ẹni tó lè kun àmù ní ọ̀dà rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ògiri yàrá bàbá mi ni mo ń rò. Láti ilẹ̀ ni omi ti ń gun inú amọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà òjò, oòrùn ló sì máa ń gbà á padà. A ti dí oòrùn lọ́nà.

Ní ọjọ́ Sátidé mo lọ sí abúlé. Mo fi ìka kan ògiri náà káàkiri. Ibi púpọ̀ ń dún bí igbá òfìfo, apá ìsàlẹ̀ sì ti wú síta. Mo ṣàlàyé fún ìyá mi.

"Àmù ni ilé mi báyìí?" ó ní. "Èmi wá di omi inú ẹ̀, àbí?"

"Màámi, ẹ fọwọ́ kàn án."

Ó fọwọ́ kàn án. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Mo pe bíríkìlà tó ṣe iṣẹ́ náà. Ó yọ sìmẹ́ǹtì níbì kan lẹ́bàá ilẹ̀. Amọ̀ tẹ̀lé e jáde, ó rọ̀ bí ọṣẹ dúdú tí omi wọ̀. Ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Àǹtí, tí mo bá ṣí i, á wó. Tí mo bá fi í sílẹ̀, á wó. Èwo lẹ fẹ́?"

Mo fi fóònù pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Ọlọ́runṣògo. Ó ní kí a wó o kí òjò tó le, kí a fi búlọ́ọ̀kù tún un kọ́. Mo gbé fóònù náà sí ìyá mi létí.

"Kí ẹ wó o? Bàbá yín ńkọ́? Inú àpò ìrẹsì lẹ ó kó o sí?"

"Màmá, a ò ní fọwọ́ kan ojú oórì," ni ẹ̀gbọ́n mi ń sọ nínú fóònù.

"Àwọn tí á máa ti bárò kọjá lórí ẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n á máa kí i pé ẹ kú ìsinmi, bàbá?"

Mo bẹ ìyá mi kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Ó wò mí bí ẹni pé mo sọ ìsọkúsọ. "Ilé ọkọ mi ni mo wà," ó ní. "Kí ni mo fẹ́ wá ṣe nílé ọmọ?"

Mi ò rí ẹnì kankan tí mo lè sọ pé ó jẹ̀bi. A fi ọparun gbé òrùlé ró, a gbẹ́ gọ́tà yí ilé ká. Mo gbé ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá kejì. Kí n tó padà dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti gbé e padà.

Ọ̀sán ni ògiri náà wó, lẹ́yìn tí òjò dá. Ìyá mi wà lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Nígbà tí mo dé, amọ̀ ti ya sínú yàrá, ó ti bo ojú oórì àti ẹní rẹ̀ mọ́lẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ìta ṣì dúró, funfun, bí ìgbà tí a kùn ún. Ẹni tó ń kọjá lójú ọ̀nà kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Obìnrin kan tilẹ̀ kí wa pé a kú ilé.

Ìyá mi ò sunkún. Ó bi mí pé, "Níbi ẹ̀kọ́ tí ò ń lọ yẹn, kí ni wọ́n ní ká ṣe tó bá ti dà báyìí?"

Mo ní a kò tíì dé ibẹ̀.

Ó ní kí n bá òun wá nǹkan tí a lè fi wa amọ̀ kúrò lórí bàbá mi, kí òjò tó tún ṣú.