Ẹni Tó Kọ́ Àká Kú Sẹ́nu Géètì Àká

Bàbá Àká ti kú. Ẹnu géètì àká tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ni wọ́n kú sí, nínú òjò, lọ́sàn-án gangan, tí òrùlé tó lè gba gbogbo àgbàdo àdúgbò wa sì wà níwájú wọn gbàgàdà. Kọ́ńpìnnì tó ń ṣàkóso àká náà ní ìjàǹbá ni. Ó ní òun bá ẹbí kẹ́dùn. Ẹ kúuṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n kí a tó gba ìkẹ́dùn yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó kú fún yín.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn àgbẹ̀ wa kò ní ibi tí wọ́n lè kó ọkà sí. Ẹni tó bá kórè, kó yáa tètè tà á fún alágbàtà ní iyekíye kí kòkòrò tó jẹ ẹ́. Bàbá yìí ni wọ́n ń lọ láti oko dé oko, tí wọ́n ń bẹ àwọn èèyàn títí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi dúró. Ìyá mi dáwó. Àwọn tí kò rówó dá ru bíríkì. Bàbá po sìmẹ́ńtì títí àtẹ́lẹwọ́ wọn fi bó. Nígbà tí àká parí, ẹgbẹ́ ní kí wọ́n máa bójú tó o, orúkọ àbísọ wọn bá di ohun ìgbàgbé.

Mo ṣì ń rí wọn. Wọ́n á ki ọwọ́ bọ àpò àgbàdo dé ìgúnpá, wọ́n á fimú gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á wá kọjú sí ìyá mi: "Ìyàwó, ohun tí àgbàdo yìí mu ju ti ọkọ ẹ lọ o!" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, ti bàbá mi ló sì máa ń pariwo jù.

Òfin kan wà ní àká yẹn tí gbogbo wa ń pè ní Wọlé-Ná. Tí òjò bá ti ṣú, ìlẹ̀kùn á ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó bá gbé ọkà dé, ì báà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ì báà jẹ́ àlejò, ì báà jẹ́ ẹni tí òun àti Bàbá Àká kì í kí ara wọn, á kọ́kọ́ wọlé. Ká wọ̀n ọ́n dẹ̀yìn. Ká jà náà dẹ̀yìn.

Ìgbà tó yá, ẹ̀rọ tó ń mú ọkà gbẹ bàjẹ́. Kọ́ńpìnnì bá dé pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń dán àti ọ̀rọ̀ dídùn. Ó ní òun á ra ẹ̀rọ tuntun, òun á máa bá wa ta ọjà, àká ṣì jẹ́ tiwa. A nawọ́, a fọwọ́ sí i. Òrùlé wà nínú àdéhùn, òṣùwọ̀n wà níbẹ̀, títí kan ọ̀nà tó wọlé. Kò sẹ́ni tó rántí Wọlé-Ná. Ojú ara ilé la fi wò ó, bí ògiri. Nígbà tí mo bi Bàbá Àká léèrè lẹ́yìn náà, ṣe ni wọ́n wò mí bíi pé orí mi dàrú. "Ta ló máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé tójò bá ń bọ̀, kéèyàn ṣílẹ̀kùn?"

Àṣé ó yẹ ká kọ ọ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí géètì irin fi dé. Ẹni tí kọ́ńpìnnì kò bá tíì pè, ìta ni. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára géètì náà pé "Àgbẹ̀ Ni Ọ̀gá Wa." Ọ̀gá ń yan nínú oòrùn, ọmọ iṣẹ́ jókòó sábẹ́ fáànù. Ta ni òjò sì ń ṣe lóore? Ọkà tó bá ti tutù, owó pọ́ọ́kú ni kọ́ńpìnnì ń rà á, ẹ̀rọ tó máa mú un gbẹ sì wà nínú ilé. Kò sí àká mìíràn nítòsí tí àgbẹ̀ lè gbé e lọ. Ẹni tó ti géètì mọ́ wa ló ń jèrè omi tó ń rọ̀ lé wa lórí. Ṣé èèṣì nìyẹn náà?

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Bàbá Àká wa lọ́rì àtijọ́ wọn tó kún fún àgbàdo dé, ìyàwó wọn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ojú ọjọ́ ti dúdú. Ìyá yìí, ìyàwó Bàbá Àká, ló sọ èyí fún mi, omijé kò sì jẹ́ kí wọ́n tètè sọ ọ́ tán. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n lọ bá gáàdì.

"Ọmọ mi, òjò ń bọ̀. Ṣí i ká wọlé ná."

"Ẹ má bínú, bàbá. Mo ti pè wọ́n lókè. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ ṣí i."

"Ta ni wọ́n yẹn?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi."

Bàbá kò bá a jà. Wọ́n kọ́kọ́ bá obìnrin tí ọkọ̀ rẹ̀ wà níwájú so tapólì tirẹ̀ bo ẹrù, kí wọ́n tó gun orí ọkọ̀ tiwọn. Òjò dé, atẹ́gùn gba tapólì, ẹsẹ̀ wọn yọ̀, wọ́n já bọ́ láti orí lọ́rì. Ìgbà tí wọ́n ti dákẹ́ ni géètì tó ṣí.

Inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kó rọ̀. Nígbà tí òkú ṣì wà nílẹ̀, kọ́ńpìnnì ránṣẹ́ sí ilé ọ̀fọ̀ pé lọ́rì náà ń dí ọ̀nà, kí wọ́n wá gbé e. Ìyá dá wọn lóhùn. "Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ní kí wọ́n má ṣí géètì ni kó wá wà á kúrò."

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ wa tẹ́ ẹ ń bá kọ́ńpìnnì jókòó sídìí tábìlì kan náà, kí lẹ sọ? Àbí afẹ́fẹ́ tútù inú ọ́fíìsì ti dí yín létí? Ẹ pe ìpàdé, ká gba àká wa padà. Ẹ̀yin aláṣẹ tẹ́ ẹ bu ọwọ́ lu àdéhùn náà, ẹ wádìí ikú yìí ní gbangba. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi gáàdì bo ẹ̀bi náà mọ́lẹ̀. Ẹni tó wà lókè la fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀.

Mo kọjá níbẹ̀ lánàá. Àgbàdo ti ń hù lórí lọ́rì, ewé rẹ̀ ti yọ lábẹ́ tapólì tí bàbá kò so tán. Àràárọ̀ ni ìyá ń lọ jókòó tì í, wọ́n á di kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà mú. Ìwọ tó pàṣẹ, ìwọ ni wọ́n ń dúró dè. Jáde wá gbà á.